Ṣaworo Ẹsẹ̀ Báyọ̀: Bí Mo Ṣe Kó Ọmọ Mẹ́rin Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Lọ sí Òkukù

Ìdájí la kúrò ní Ajégúnlẹ̀, kí àwọn tó ń ta omi tó ti kẹ̀kẹ́ wọn jáde. Mo ń kọ ìrìn àjò yìí sílẹ̀ nítorí àwọn ìyá tó máa ń bi mí ohun tó yẹ kí ènìyàn dì dání bó bá fẹ́ kó àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba rìn. Ìdáhùn mi kúrú: bàsíà kan, okùn kan, páálí ẹyin kan. Ti ṣaworo ni kò ṣeé sọ ní gbólóhùn kan.

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n nígbà náà. Wálé jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó sì ti ń tijú wa. Ṣadé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí. Báyọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Tósìn, àbígbẹ̀yìn wa, ṣì ń rákò. Iṣẹ́ wáàfù ni bàbá wọn ń ṣe ní Àpápá, wọn kò sì fún un láàyè láti bá wa lọ.

Ohun tó gbé wa jáde nìyí. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Òkukù pé òun gbọ́ pé yàrá kan ni ẹni mẹ́fà ń gbé, pé ọmọ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún obìnrin tó tún ń jáde lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí n kó wọn wá nígbà ìsinmi Àjíǹde, kí òun fi ojú ara òun rí i bóyá apá mi ká wọn. Bí apá mi kò bá ká wọn, òun yóò gba ọ̀kan tọ́. Kò sí èérí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá àgbà tọ́ dàgbà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bí mímí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń dún lórí ẹní wọn lálẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀kan dín níbẹ̀.

Ọkọ mi sọ ọ́ bó ṣe rí. "Bí gbogbo wọn bá débẹ̀ ní pípé, tí wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá sọnù lójú ọ̀nà, Ìyá Wálé, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi bẹ ìyá mi."

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé ohun tó wọlé ni ó jáde. Mo jókòó, mo rò ó, mo rí i pé ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín àpótí àti ọmọ, àfi pé àpótí kì í sá. Mo tọrọ káàdì mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá mi, irú èyí tí a máa ń so mọ́ ẹrù. Wọ́n ti ya kọ́ọ̀bù kan sára rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹrù náà lè fọ́, wọ́n sì ya agbòjò kan, ìyẹn ni pé òjò kò gbọdọ̀ pa á. Mo kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti àdírẹ́sì wa sẹ́yìn rẹ̀, mo sì so ó mọ́ ọrùn wọn. Wálé ní òun kì í ṣe ẹrù. Ó ki tirẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀.

Fún Tósìn, mo ra bàsíà rọ́bà tó jinlẹ̀, mo tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, mo sì mú ọ̀já méjì, nítorí ọ̀já kan kì í gbẹ tán. Mo ta kókó méjì sí okùn kan, ọ̀kan fún ọwọ́ Ṣadé, ọ̀kan fún ọwọ́ Báyọ̀. Mo gé páálí ẹyin kí ihò mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, mo da ọmọ ayò sínú ìbọ̀sẹ̀ àlòkù, ó di ọpọ́n ayò tí kò wúwo ju ìwé lọ. Póò Báyọ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí kò ní jókòó sórí òmíràn bí ayé fẹ́ bí ayé kọ̀.

Ṣùgbọ́n Báyọ̀ lè já ọwọ́ sílẹ̀ lára okùn. Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Malu Road, láàárín àwọn tó ń tún tírélà ṣe, pé kó bá mi so agogo kéékèèké mọ́ awọ, kí n lè máa gbọ́ ibi tí ó bá sá sí.

"Ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ so ó fún?" ó bi mí.

"Rárá o, Bàbá. Ọmọ mi ni. Ẹsẹ̀ méjèèjì."

Ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá." Kò gbà ju ìdajì owó tó kọ́kọ́ pè. Mo dúpẹ́, mo sì ń rò ó lọ́nà pé bóyá ó ti mọ Báyọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a ń kó ẹrù jáde ní ìdájí yẹn, Mama Ńgọ́zí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, yọ orí. "Na píkín yu de káárí so, àbí na kọntéénà?" Ó ń bi mí bóyá ọmọ ni mo kó àbí kọntéénà. Mo ní méjèèjì ni.

Rájí, awakọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ló fi píkọ́ọ̀pù gbé wa dé Ìddó. Malu Road kún fún omi òjò àná, àwọn tírélà sì sùn tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní gbogbo ihò tí a bá kó sí, ẹsẹ̀ Báyọ̀ á dún. Nígbà tí a fi dé Ìjọ́ra, Rájí ti wo ẹ̀yìn títí ọrùn ń dùn ún.

"Ìyá Wálé, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ọmọ yẹn mú. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ lé mi bọ̀."

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kánò ni a wọ̀, ní kíláàsì kẹta. Pákó ni ìjókòó rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ iyì bàsíà. Mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo gbé Tósìn sínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí yóò rá lọ. Obìnrin kan tó jókòó níwájú mi gbé tirẹ̀ sí i, àwọn ìkókó méjèèjì sì ń wo ara wọn bí àwọn àgbà tó ń dá ẹjọ́. Obìnrin náà ka káàdì ọrùn Tósìn. Ó ní, "Kọ́ọ̀bù ti jẹ́ lára ọmọ?" Mo ní ó túmọ̀ sí pé ó lè fọ́. Ó ronú sí i, ó ní òótọ́ ni.

Ọpọ́n páálí náà ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Wálé àti Ṣadé ta ayò díẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì sún mọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta á, nígbà tó sì yá, àwọn ọmọ mi dìde dúró, àwọn ọkùnrin jókòó. Ọ̀kan pè mí láti ìkángun kejì.

"Ìyá, ẹ bá wa kìlọ̀ fún ọmọbìnrin yìí. Ó ń sọ ibi tó yẹ kí ẹnì kejì mi ta fún un."

"Òun ló bi mí," Ṣadé dáhùn.

Ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta, a ra ìrẹsì Ọ̀fadà nínú ewé láti ojú fèrèsé. Ọsàn mẹ́ta jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ó sì tóbi ju ti ọjà Boundary wa lọ. Àwọn tó ń tà á kì í dúró ná an. Bí ọkọ̀ bá ti mi, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé e, ọjà lórí, owó lẹ́nu.

Ìbàdàn ni Báyọ̀ ti sọnù. Mo yíjú láti pààrọ̀ ìlédìí Tósìn ni, mo yíjú padà, kókó okùn kan ti ṣófo. Mo rí ìyá ọkọ mi lọ́kàn mi, ó na ọwọ́. Mo ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, èmi tí n kì í gbóhùn sókè. Wọ́n dákẹ́. Mo sì gbọ́ ọ, ṣìnwìnrìn, láti inú yàrá ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa.

Orí itan Bàbá Hausa kan tó ń ta màlúù ni ó wà, ó ń jẹ kílíṣí. Ẹran gbígbẹ ni kílíṣí, tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ata àti ẹ̀pà pa lára; kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà.

"Sànnú, Mama," ó kí mi. "Ọmọ yìí dára. Mo gbọ́ agogo, mo rò pé màlúù mi ti wọ ọkọ̀."

Ó ká èyí tó kù nínú kílíṣí mọ́ ìwé, ó fún wa. Mo mú un padà síbi ìjókòó mi, ọmọ mi tún pé mẹ́rin, mo sì ń wo ṣaworo yẹn bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ tó gba ipò kìíní.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí a dé Òkukù. Ìyá dúró sí ibùdókọ̀, ó funfun lórí, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ní Ajégúnlẹ̀, a lè kí àgbà kí a sì máa rìn lọ, nítorí ọ̀nà kò gba ìdúró. Ní Òkukù, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí Ìyá fi kì wá tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka àwọn ọmọ pẹ̀lú ìka. Mo rí i pé iye tó retí ni ó bá.

Báyọ̀ fò kalẹ̀ láti orí ẹrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dún. Ìyá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà. Obìnrin tó tẹ̀ lé e wá, ìyẹn Ìyá Àdùkẹ́ aládùúgbò rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyàwó," Ìyá sọ, "o ò sọ fún mi."

"Kí ni, Ìyá mi?"

Ó mi orí, ó gbé àpò mi. Ìyá Àdùkẹ́ lọ dúró níwájú Báyọ̀, ó tẹ̀ kúnlẹ̀ fún un díẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé o." Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó kó ẹ̀pà sísun lé e lọ́wọ́. Báyọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò pè ní bàbá rí, tí a kò sì sọ "ẹ" fún rí, gba ẹ̀pà náà pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Ní ọjọ́ kejì, kí n tó wẹ Tósìn nínú bàsíà tán, obìnrin mẹ́ta ti wá. Ọ̀kan gbé àádùn wá, ọ̀kan gbé ìrèké, ọ̀kan gbé ẹ̀wà. Báyọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e fún. Wọ́n á jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé ilé yìí dára, pé oúnjẹ wà, kó má ronú ibòmíràn. Lójú mi, àwọn ará Òkukù lawọ́ ju gbogbo ènìyàn tí mo ti rí lọ, àfi pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan dọ́gba. Báyọ̀ ti mọ̀ pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan jíjẹ á dé.

Ṣadé ló ṣí mi lójú. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, wọ́n ní Báyọ̀ ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ Ìyá Àdùkẹ́ ni. Ó ní nítorí ṣaworo. Ó bi mí bóyá ó ní àpá. Mo ní ó ní ọ̀kan lórúnkún, níbi tó ti ṣubú sí gọ́tà."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn tó ti ibi gbogbo wá, oníkálukú pẹ̀lú àṣà tirẹ̀ nínú àpótí. Mo ti gbọ́ orúkọ àbíkú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé agogo ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ariwo rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run sẹ́yìn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi so ó mọ́ ọmọ tó ń jẹ èbà bí àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ Malu Road náà yé mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kàn fún ìdajì owó tó dín.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá, mo ṣàlàyé. Mo fi káàdì hàn án, mo fi okùn hàn án. Mo ní nítorí kí ó má baà sọnù ni.

"Mo gbọ́," Ìyá dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò sí ìyá tó ń fẹ́ sọ ọ́ jáde. Ṣadé ni mo ti ní lọ́kàn láti gbà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà. Èyí ni kó dúró tì mí. Kí lo mọ̀ nípa ewé ní Èkó?"

"Ìyá mi, kò ṣe nǹkan kan. Ó lè sáré ju ajá lọ."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kó tó di pé wọ́n lọ."

Mo ní kí n tú ṣaworo náà kúrò. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní èèwọ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn lọ, yàrá òun ni Báyọ̀ yóò ti máa sùn, kí ó lè mọ́ ọn lára. Mo gbé póò rẹ̀ lọ síbẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo sì wo bàsíà tó ṣófo títí Wálé fi wá jókòó tì mí. Ó yọ káàdì rẹ̀ jáde láti inú ìbọ̀sẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá Ìyá, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Báyọ̀ máa ń yí lójú oorun, gbogbo ìgbà tó bá sì yí, ìdágìrì á bá Ìyá, á jókòó, á gbọ́ bóyá ó ń mí. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti jókòó sórí póò, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ń béèrè àádùn. Ìyá ní kó ní sùúrù. Báyọ̀ ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀ mí." Ìyá bẹ̀ ẹ́. Báyọ̀ ní kí Ìyá Àdùkẹ́ náà wá bẹ òun. Ó lé àwọn adìẹ títí wọ́n fi gun igi. Ní ọ̀sán, nígbà tí Ìyá fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ṣìnwìnrìn yẹn ń yí ilé po bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìwúyè. Alẹ́ kejì kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá jáde, ojú rẹ̀ wú. Ó fa Báyọ̀ lọ́wọ́. Ìyá Àdùkẹ́ àti àwọn obìnrin méjì yòókù ti wà níta pẹ̀lú àwo.

"Ẹ gbé àwo yín padà," Ìyá sọ fún wọn. "Mo ti wò ó. Èyí kì í ṣe àbíkú. Àbíkú máa ń fẹ́ lọ ni. Èyí kò ní ìlọ lọ́kàn rárá. Ó fẹ́ jókòó sílé ayé kó máa jẹ wá run."

Ìyá Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Kó dá ẹ̀pà mi padà o. Èmi tí mo kúnlẹ̀ fún ọlọ́ṣà."

"Ó ti jẹ ẹ́," Ṣadé dá a lóhùn.

Ìyá ní kí n kó gbogbo ohun tí mo fi kó wọn wá jáde. Ó gbé bàsíà, ó wo inú rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn pẹ̀lú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa okùn, kókó kò tú. Ó ta ayò kan pẹ̀lú Wálé nínú páálí ẹyin, ó sì nà án. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ẹni tó lè mú eléyìí nìkan wọ ọkọ̀, kó sì mú un dé, apá rẹ̀ ká mẹ́wàá. Mẹ́rin lo kó wá. Kó mẹ́rin lọ."

Ìsinmi tó kù dùn. Iyán ni a ń jẹ lójoojúmọ́. Omi odò ni, a kò sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí a ń lọ, iṣu kún bàsíà, mo sì pọn Tósìn.

Ní ibùdókọ̀, Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ Báyọ̀, ó ń tú awọ ẹsẹ̀ òsì.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n tú méjèèjì fún yín."

"Rárá. Kí ni wàá fi máa gbọ́ ọ lọ́nà?" Kò gbójú sókè. "Ọ̀kan tó mi. Ilé yẹn dákẹ́ jù, ìyàwó."

Ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ó ń juwọ́ sí wa, ó ń juwọ́, èmi kò sì gbọ́ nǹkan kan nítorí ariwo irin. Báyọ̀ ní òun gbọ́ ọ.

Mo ní kí n sọ ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi. Ẹ ra bàsíà tó jinlẹ̀. Ẹ má gbàgbé ọ̀já kejì. Bí ẹ bá fẹ́ so ohunkóhun mọ́ ọmọ yín lára, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá ọkọ yín. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ìsinmi Àjíǹde, a kì í dúró kí Ìyá ránṣẹ́ pè wá mọ́.

A dé Ajégúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mama Ńgọ́zí ló kọ́kọ́ gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà. "Wẹ́tin hápun to di óda leg?" Ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ kejì. Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ mi jáde, ó bá mi sọ bàsíà iṣu kalẹ̀. "Ṣé o kó gbogbo wọn bọ̀?"

Mo ka orí wọn níṣojú rẹ̀, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà mo ní kó wo ẹsẹ̀ Báyọ̀, tó ti sá wọlé, ẹsẹ̀ kan ń dún, ẹsẹ̀ kan dákẹ́.

Ó tẹ́tí sí i títí. Ó ní, "Ìyá ti mú tirẹ̀ nìyẹn."